Igi Wo Ni Ká So Ègùn Mọ́? Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò sí Oko Ìpérindó

Ọjọ́ Ajé, ìrọ̀lẹ́

Ìyá tó ni àkùrọ̀ ló ránṣẹ́ sí Bàbá Ọdẹ, Bàbá ló wá pè mí. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn lórí fóònù. Àgbọ̀nrín ti ń jẹ ilá àti ewé ọ̀dùnkún Ìyá láti ìgbà tí odò òkè ti gbẹ. A fẹ́ wá igi tí a ó so ègùn mọ́, ìyẹn pèpéle tí ọdẹ ń jókòó sí lórí igi láti dènà ẹran. Kí n mú ayùn, kí n mú okùn, kí n mú àdá tó mú, ṣùgbọ́n kí n fi ìbọn sílé. Ó tún ti ìbọn yẹn sọ kó tó gbé fóònù sílẹ̀: "Káfíńtà, ojú la fẹ́ fi dọdẹ lọ́tẹ̀ yìí o."

Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa n'Ìṣọ̀kùn, mo gba ọjà Àtàkúmọ̀sà kọjá láti ra gàárì, ẹja gbígbẹ àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì, ọ̀kadà sì gbé mi láti Iléṣà dé Ìpérindó kí ilẹ̀ tó ṣú. Níbì kan lójú ọ̀nà, ariwo ẹ́ńjìnnì tó ń fa omi la kọ́kọ́ gbọ́ ká tó rí àwọn ọmọkùnrin tó ń fọ ẹrẹ̀ wá wúrà. Wúrà ló sọ Ìpérindó di olókìkí lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta. Ní ti ọdẹ, kòtò ni. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ tí wọn kò dí, tí koríko ti bò lójú; ẹni tó bá ń fi òru rìn níbẹ̀ láìmọ ilẹ̀ á kàn ṣàdédé já sínú ẹ̀ ni. Bàbá ní ariwo ẹ́ńjìnnì yẹn àti omi tó di ẹrẹ̀ ló lé ẹran kúrò nísàlẹ̀, tí wọ́n fi wọ́ lọ sókè lẹ́bàá àpáta. Àkùrọ̀ Ìyá nìkan ni omi ibẹ̀ ṣì mọ́ lágbègbè náà, ibẹ̀ ni wọ́n wá ń já sí.

Abà Bàbá la sùn. Ẹ̀fọn kò jẹ́ ká gbádùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo ti múra láti ìdájí. Bàbá kò tilẹ̀ dìde lórí ẹní. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀nà àgbọ̀nrín kì í lọ kò ó lójú ọ̀nà. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ẹran yìí ń jẹun. Níbi tí ènìyàn bá ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, á sọ ọ́ di ti òru pátápátá. Ọ̀sán ló máa ń dùbúlẹ̀ nínú igbó tó díjú. Tí a bá wọgbó ní ìdájí, a ó lé e, ohun tí a bá sì rí lẹ́yìn náà kì í ṣe ìṣe rẹ̀ mọ́, ìṣe ẹran tí ẹ̀rù ń bà ni. A jẹ ẹ̀bà, oòrùn gòkè dáadáa, a tó mú ọ̀nà pọ̀n.

Ìyá wà nídìí ilá, ó ń já èyí tó kù.

"Àrìnpa o, Bàbá Ọdẹ. Ẹ wá wo ohun tí àwọn ẹran yín fi ojú mi rí."

"Ẹran wa kẹ̀, Ìyá? Ìgbà tí a bá pa wọ́n ni wọ́n tó ń jẹ́ tiwa." Bàbá ti lóṣòó síwájú ọ̀pá ilá kan, ó pè mí kí n wá wò.

Ọ̀pá ilá méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a ti jẹ orí àwọn méjèèjì. Ẹnu ti àkọ́kọ́ fà ya, èèpo rẹ̀ so rọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, omi ilá ṣì ń yọ̀ níbẹ̀. Èkejì dán, ó gé ní ìdagẹ̀rẹ̀ bí ẹni fi abẹ sán an. Bàbá fi ìka tọ́ ẹnu àwọn méjèèjì, ó ní kí èmi náà tọ́ ọ. Àgbọ̀nrín kò ní eyín iwájú lókè, bẹ́ẹ̀ ni ewúrẹ́, bẹ́ẹ̀ ni màlúù. Eyín ìsàlẹ̀ ló fi ń ti ewé mọ́ èrìgì òkè, á wá fi orí fà á ya. Ọ̀yà ló ní eyín tó ń géga, ní ìdagẹ̀rẹ̀ ló sì máa ń gé e. Olè méjì ló wà lóko Ìyá.

"Ọ̀yà náà wà ńbẹ̀?" Ìyá káwọ́ lérí. "Àgbọ̀nrín nìkan ni mo ti ń ṣépè fún láti ọjọ́ yìí."

"Ẹ pín èpè náà sí méjì, Ìyá."

Ipasẹ̀ pọ̀ lórí ẹrẹ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò wúlò. Ewúrẹ́ abúlé náà ń sọ̀ kalẹ̀ wá mu omi. Pátákò ewúrẹ́ máa ń kú níwájú, ti àgbọ̀nrín a máa ṣe ṣóńṣó, á sì tẹ ilẹ̀ wọlé ju bí ó ṣe kéré tó lọ. Lẹ́yìn tí a yọ ti ewúrẹ́ kúrò, ọ̀nà ẹran mẹ́ta ló kù tó ti inú igbó já sí àkùrọ̀. A tọ gbogbo wọn padà sókè, a ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, a kò tẹ ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀.

Ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìrìn yìí. Kúlúsọ ti gbẹ́ ihò rẹ̀ roboto sínú ipasẹ̀ kan, àní sáàárín gan-an níbi tí pátákò ti yà sí méjì. Bàbá ní kí n má wulẹ̀ tọ ìyẹn: ẹran tó tẹ ibẹ̀ ti lọ tipẹ́, kúlúsọ ti rójú kọ́lé. Ní ọ̀nà kejì, aláǹtakùn ta okùn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kò ju orúnkún lọ. Kò sí ẹran tó gba ibẹ̀ lóru àná. Ọ̀nà kẹta ló mọ́. Imí wà níbẹ̀, kóró dúdú kéékèèké, ó ń dán, eṣinṣin sì wà lórí rẹ̀. Bàbá fi igi fọ́ ọ̀kan, inú rẹ̀ ṣì tutù, àwọ̀ ewé.

Ọjọ́rú

Lónìí la yẹ igi wò, ọ̀rọ̀ sì pọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdẹ ni ì bá so ègùn mọ́ màngòrò etí àkùrọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ipasẹ̀ ti pọ̀ jù. Bàbá kò tilẹ̀ gbójú sókè wò ó. Ohun tó ń wò ni ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, nínú igbó, níbi tí ewé ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí imí sì ṣù jọ. Ó ní bí àgbọ̀nrín bá dé etí ìta gbangba, kì í kàn bọ́ síta. Á dúró nínú igbó, á máa yí etí, á máa jẹ ewé wẹ́wẹ́, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọdẹ tó wà lórí màngòrò á wà ńbẹ̀ títí yóò fi máa gbọ́ bí ilá ṣe ń já nínú òkùnkùn, kò sì ní rí nǹkan kan. Ìyẹn nìkan kọ́. Abà Ìyá wà ní ọ̀kánkán. Ibi tí ọta lè gbà dé abà kì í ṣe ibi ègùn, kódà kí ogún àgbọ̀nrín máa jó níbẹ̀.

Agbalùmọ̀ kan wà nínú kòkó àtijọ́ tí olóko ti pa tì. Èso rẹ̀ ti ń bọ́, ilẹ̀ kún fún èèpo àti kóró. Níbẹ̀ la ti rí ààtàn ẹtu: imí tuntun lórí ti àná, ti àná lórí ti ìjẹta, ojú kan ṣoṣo. Ẹtu ni ìwà yẹn, akọ àti abo a sì máa jọ gbé ilẹ̀ kan. Ibẹ̀ dára fún ẹran, kò dára fún ọdẹ. Àwọn ọmọdé abúlé ń wá ṣa agbalùmọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, a tilẹ̀ rí bàtà sílípáàsì ọmọ kan nídìí igi. A kò dúró níbẹ̀ pẹ́.

Ibi kẹta ni ọ̀rọ̀ wà. Láti òkè, ọ̀nà tó mọ́ yẹn gba ẹ̀gbẹ́ àpáta ńlá kan wálẹ̀. Ní apá kejì, odò kékeré ti gbẹ́ ilẹ̀ jìn. Àárín àpáta àti gegele odò kò fẹ̀. Ẹran tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láìgun àpáta, láìfò sódò, ibẹ̀ ni yóò gbà.

Atẹ́gùn ló wá gba àkókò wa jù. Ọyẹ́ ti lọ. Nígbà ọyẹ́, àríwá-ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Atẹ́gùn òjò, gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ló ti ń bọ̀. Nítorí náà, ègùn tó ṣe dáadáa ní oṣù Kejìlá lè máa gbé òórùn ọdẹ pàdé ẹran ní oṣù Kẹta. Ẹni tó bá jogún ègùn lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tí kò béèrè oṣù tí bàbá náà ń lò ó, ìyà ni ó jogún. Àfonífojì tún ní ìwà tirẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú òkè gbóná, afẹ́fẹ́ á máa gòkè. Bí oòrùn bá wọ̀ tí ilẹ̀ sì tutù, afẹ́fẹ́ á máa ṣàn wálẹ̀, á gba ojú odò.

Bàbá fọ́ èso àràbà gbígbẹ kan tó ti mú dání láti abà, ó ń ya òwú inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń jù ú sílẹ̀. Ní ọ̀sán, òwú náà léfòó, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó gba ẹ̀gbẹ́ àpáta gòkè lọ bá ibi tí ẹran ń sùn. A jókòó jìnnà, a fi gàárì pa ebi. Ní ìrọ̀lẹ́ a tún jù ú. Ó ṣe bí ẹni pé kò fẹ́ lọ síbì kan, ó dúró lójú kan, lẹ́yìn náà ló rọra yí padà, ó ń sọ̀ lọ sápá odò, ó so mọ́ ewé kan nísàlẹ̀. Bàbá nawọ́ sí ewé náà. Ẹni tó bá jókòó sí apá odò ní ìrọ̀lẹ́, ẹran tó ń ti òkè bọ̀ kò ní gbóòórùn rẹ̀ títí yóò fi kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ní ìdájí, nígbà tí ẹran náà bá ń padà gòkè, igi kan náà yóò tú àṣírí ọdẹ. Ègùn ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ti ìdájí, ẹni tó bá lò ó fún méjèèjì ló fẹ́ lé ẹran lọ fún àwọn ará Ìfẹ̀wàrà.

Lálẹ́, mo gbé ohùn tí ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp fún Bàbá gbọ́. Ìgalà tiwọn lọ́hùn-ún, ìwo akọ a máa wọ́ lọ́dọọdún, òmíràn á sì hù. Nígbà tí ìwo tuntun bá gbó, akọ á máa fi ha igi, èèpo igi á bó, ibẹ̀ ni àwọn ọdẹ wọn ti ń mọ ọ̀nà rẹ̀. Bàbá mi orí. "Ìwo tiwa kì í wọ́. Abo kò tilẹ̀ ní. Sọ fún un pé ilẹ̀ là ń wò níbí." Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n sọ pé ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn, dandan ni kí ọdẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn, àti pé ojú ìgalà kì í rí àwọ̀ yẹn bí ojú tiwa ṣe ń rí i, Bàbá ní kí n tún un gbé sí i. Ó ti sin ọdẹ tí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé ẹran ni. Ó bi mí léèlò ni wọ́n ń ta irú aṣọ bẹ́ẹ̀ n'Iléṣà. Mo ní àwọn tó ń tún títì ṣe máa ń wọ̀ ọ́, mo lè bá a rí ọ̀kan.

Ọjọ́bọ̀

Òjò. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún, ó bẹ̀rẹ̀ lóru, kò dá títí di ọ̀sán. A pọ́n àdá. A sùn. Bàbá ń yọ̀, ó ní òjò ti gbálẹ̀ fún wa.

Ọjọ́ Ẹtì

Gbogbo ipasẹ̀ àtijọ́ ti parẹ́, èyí tó bá wà lórí ilẹ̀ lónìí, ti òru àná ni. Ẹran méjì ló kọjá láàárín àpáta àti odò, wọn kò sì jọ rìn. Ọ̀kan tóbi, ó dá wá, ó dá padà. Èkejì kéré díẹ̀, ipasẹ̀ wínníwínní kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó ń yà kúrò lọ́nà, ó tún ń padà wá bá a.

Bàbá dúró lórí ìyẹn pẹ́. Àgbọ̀nrín kì í rìn ní agbo, abo a sì máa gbé oyún bí oṣù mẹ́fà kó tó bí ọ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí ọmọ bá kéré, á fi í pamọ́ sínú igbó, òun nìkan á lọ jẹun. Bó bá padà wá fún un lọ́mú, á jẹ imí ọmọ náà kí òórùn má baà pe ẹranko burúkú. Èyí tó ti ń bá ìyá rẹ̀ rìn yìí ti dàgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń mu ọmú. Bàbá ní a kò fọwọ́ kan ìyá ọlọ́mọ. Mo bi í báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Kò dá mi lóhùn, ó ní kí n tẹ̀ lé òun.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ la gun àpáta láti ẹ̀yìn, a dùbúlẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ sí wa lójú. Òkúta náà ṣì gbóná lábẹ́ àyà. Ó pẹ́. Ẹyẹ àparò ń ké níbì kan. Nígbà tó yá, ewé kan mì nísàlẹ̀, ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò mì. Abo ló kọ́kọ́ yọ: ara pupa bí ti erùpẹ̀ ibẹ̀, ìlà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́, àmì tótòtó funfun nítan, kò síwo lórí. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kọjá. Lẹ́yìn tí mo ti rò pé ó tán ni akọ dé. Ó ṣú lára jù wọ́n lọ, ìwo rẹ̀ lọ́ díẹ̀ kó tó yọ sókè. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, kò sọ ọ́ kalẹ̀. A rí i kedere, ìmọ́lẹ̀ ṣì wà. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ni Bàbá fẹ́ kí n rí: ní ibi tóóró yìí, ọdẹ á mọ ohun tó ń wò kó tó fọwọ́ kan ìbọn. Létí àkùrọ̀, ẹran dúdú lásán ni.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, òkúta kékeré kan yí. Akọ náà gbó bí ajá lẹ́ẹ̀kan, ó lọ. Bàbá ní kò burú, apá ibòmíràn ló gbà pé ariwo ti wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Igi wá kù. Ìrókò kan ló wà ní ipò tó dára jù. Èmi tí mo jẹ́ káfíńtà, pákó ni mo rí. Bàbá ní òun kò ní jókòó lórí ìrókò lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, kò sì sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àfàrà lọ tààrà sókè láìlẹ́ka. Obì kan ìbá wúlò, ṣùgbọ́n tanpẹ́pẹ́ ló ni ín, mi ò rí ọdẹ tó lè jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí tanpẹ́pẹ́ bá wọ ṣòkòtò rẹ̀. Ayùnrẹ́ kan ní apá odò la mú. Ó yà sí méjì ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 15 sókè, ìtàkùn sì bo ẹ̀yìn rẹ̀, ojú ọ̀run kò ní fi ọdẹ hàn.

Mo fẹ́ fi ìṣó kan pákó mọ́ ọn. Bàbá kọ̀. Igi tó ń dàgbà á gbé ìṣó mì, á máa ti pákó síta, lọ́jọ́ iwájú ẹni tó bá gùn ún kò ní mọ̀ pé ó ti tú. A fi okùn so igi mẹ́rin mọ́ ẹ̀ka méjèèjì, a tẹ́ pákó lé e, a tún fi okùn gbá a. Iṣẹ́ mi ni, mo sì fò lórí rẹ̀ títí tí Bàbá fi pariwo pé ó tó. Igbà ẹlẹ́mu àtijọ́ kan ló mú wá pé kí n máa fi dè mọ́ ìgbáròkó àti mọ́ igi, láti ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀ títí yóò fi padà kan ilẹ̀. Oorun ń kun ọdẹ lórí ègùn. Àwọn tó ti já bọ́ pọ̀ ju àwọn tí ẹranko pa lọ, bí Bàbá ṣe sọ.

Ẹ̀ka tó dí ojú kò ju mẹ́ta lọ tí a gé. Bàbá fi ẹrẹ̀ pa ojú ọgbẹ́ igi náà, ó ju àwọn ẹ̀ka sódò. Ọ̀nà tí a ó máa gbà dé ibẹ̀, inú omi ni, láti ìsàlẹ̀, kí ẹsẹ̀ wa má bàa bá ọ̀nà ẹran pàdé. Ọta kò gbọdọ̀ lọ síbòmíràn ju ilẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ. Bí ẹran bá wà ní ọ̀kánkán, tó dúró lórí gegele, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Bàbá so màrìwò mọ́ ìdí igi kí ọdẹ mìíràn mọ̀ pé ẹnìkan wà ńbẹ̀, ó sì lọ fi tó olórí ọdẹ létí ní ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Àìkú

A kò ní padà síbẹ̀ títí òjò yóò fi rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan sí i, kí òórùn ọwọ́ wa kúrò lára igi. Ìṣòro tó kù ni Ìyá. Láàárín ìgbà tí a wà nínú igbó, ó ti gbé agolo kọ́ yí àkùrọ̀ ká, ó sì fi ẹ̀wù àlòkù tó ti gbóòórùn sórí igi láti fi lé ẹran.

Bàbá bẹ̀ ẹ́ kó tú wọn. Bí ẹran kò bá rí ilá jẹ mọ́, kò ní gba abẹ́ ègùn kọjá.

"Ẹ fẹ́ kí n máa fi ilá bọ́ àgbọ̀nrín yín?"

"Ìyá, ẹ fi ebè ọ̀dùnkún ẹ̀gbẹ́ igbó nìkan sílẹ̀ fún wa. Ẹ máa dáàbò bo ìyókù."

Ìyá wò wá, ó wo ebè náà, ó ní itan ẹ̀yìn kan, àti ẹ̀dọ̀. Bàbá ní ẹ̀dọ̀ kẹ̀, ti ọdẹ ni ẹ̀dọ̀. Wọ́n fà á títí ọ̀kadà mi fi dé. Itan ẹ̀yìn kan àti ìdajì ẹ̀dọ̀ ni wọ́n fẹnu kò sí, pẹ̀lú pé kí a dẹ pańpẹ́ fún ọ̀yà kí n tó máa lọ. Mo sọ fún ọlọ́kadà kó dúró dè mí.